Bandcamp lẹ́yìn ọdún márùn-ún: ibi tí ẹni tó ra orin ti lẹ́nu ọ̀rọ̀

Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2020 ni mo kọ́kọ́ fi owó ra àwo orin lórí Bandcamp, ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn olórin ti ń ta orin wọn. Kónílé-ó-gbélé ṣì wà ní Èkó nígbà náà. Mo wà nínú yàrá kan ní Sùúrùlérè, ibi iṣẹ́ ti tì, kò sí ibi tí mo lè yà sí, orin ló sì kù tí mo fi ń lé ọjọ́. Àbúrò mi kan tó ń gbé ní London ló fi líǹkì àwo kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má kàn gbọ́ ọ lásán o, ẹ rà á. Òní gan-an ni kí ẹ rà á.” Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ òní. Ó ṣàlàyé pé ní àwọn ọjọ́ Ẹtì kan, ilé-iṣẹ́ náà kì í yọ kọ́bọ̀ nínú owó tí olùrà bá san, pé ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nítorí pé àjàkálẹ̀ àrùn ti gba òde eré lọ́wọ́ àwọn olórin, àti pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn nìkan, àwọn olùgbọ́ kárí ayé ná dọ́là mílíọ̀nù 4.3. Mo ra àwo náà ní dọ́là 7. Láti ìgbà náà, mo ti ra èyí tó lé ní ọgọ́rin, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ti àwọn olórin tó ń kọ orin ara wọn, tí wọ́n ń fi gìtá tàbí dùùrù gbè é lẹ́sẹ̀, tí wọn kò sì sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ agbórinjáde ńlá kankan. Ohun tí ojú mi rí nínú lílò rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, pàápàá jù lọ bí ó ṣe fún ẹni tó ra orin ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ nípa orin náà, nítorí ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n kúrò níbẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọdún 2008 ni Ethan Diamond àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí Bandcamp fún aráyé láti California, ní Amẹ́ríkà. Olórin ló ń ṣí ojú ìwé tirẹ̀, òun ló ń gbé orin sí i, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń dá iye lé e. Olùgbọ́ lè kọ́kọ́ gbọ́ ọ kó tó sanwó. Bó bá ti sanwó, orin di tirẹ̀, ó sì lè gbà á sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Nínú owó orin, ilé-iṣẹ́ náà ń yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó ń wálẹ̀ sí ìdá 10 bí ọjà olórin bá ti pé dọ́là 5,000. Ìdá 10 náà ni wọ́n ń yọ lórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, kásẹ́ẹ̀tì àti aṣọ. Lẹ́yìn tí àwọn tó ń gba owó káàdì bá ti yọ tiwọn, ohun tó ń dé ọwọ́ olórin máa ń jẹ́ bí ìdá 82. Ní ọjọ́ Ẹtì tí àbúrò mi sọ, ó ń tó ìdá 93.

Ohun tó kọ́kọ́ wọ̀ mí lọ́kàn ni àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún olùrà láti san ju iye tí olórin dá lọ. Bí àwo bá jẹ́ dọ́là 5, ẹni tó bá wù lè san 8, ó lè san 20. Ẹni tó bá dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Bí olórin bá wà lágbo, kì í ṣe owó tí wọ́n fi pè é wá nìkan ló ń kó lọ sílé. Ẹni tí orin bá wọ̀ lára á dìde, á bọ́ sí iwájú, á náwó fún un, olórin náà á dárúkọ rẹ̀, á kì í, gbogbo agbo á sì mọ̀ pé lágbájá ọmọ lágbájá wà níbẹ̀. Lórí Bandcamp, bí olùrà kò bá ní kí wọ́n fi òun pamọ́, àwòrán kékeré rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ máa ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo tó rà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ọmọbìnrin kan tí n kò rí sójú rí, bàbá mi ni mo rántí, àti àwọn àgbà àdúgbò wa, bí wọ́n ṣe máa ń dìde lọ bá àwọn onísákárà. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni kí olórin dá dúró kì í ṣe ohun àjèjì láàárín wa. Ní 1969, Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I.K. Dáíró dá ilé-iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀, èyí tó ń jẹ́ STAR Records, nígbà tó sì di 1979 Hárúnà gbé Phonodisk, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀, kalẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní ìgbà tiwa yìí, Beautiful Nubia, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti pẹ́ tó ti ń gbé orin rẹ̀ jáde lábẹ́ EniObanke, ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ pé òyìnbó ló kọ́ wa bí olórin ṣe lè ta ọjà rẹ̀ láìsí alágbàtà, mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọjá ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Lábẹ́ àwo kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ti rà á lè kọ gbólóhùn díẹ̀ sílẹ̀, kó sì tọ́ka sí orin kan ṣoṣo tó jẹ́ ààyò rẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò rà á kò lè kọ. Ohun kékeré ni èyí jọ, ṣùgbọ́n òun ló yí ìjíròrò padà. Níbòmíràn, ẹni tí kò gbọ́ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ á ti máa bú olórin, ẹlòmíràn á máa gbè é nítorí pé ìlú kan náà ni wọ́n ti wá, àwọn méjèèjì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún ara wọn títí orin á fi dàwátì nínú ọ̀rọ̀ náà. Lórí Bandcamp, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ti ná owó ara rẹ̀ lé e, ìdí nìyẹn tí ohun tó ń kọ fi máa ń jẹ́ ohun tó gbọ́ gan-an: pé ohùn olórin já díẹ̀ ní ìparí orin kẹta, wọn kò sì tún un ṣe, pé òjò ń rọ̀ níbi tí wọ́n ti gba orin kan sílẹ̀, èèyàn sì lè gbọ́ ọ bó bá fi íápíìsì sí etí, pé òun gbọ́ àwo náà nínú ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ tí òun ń darí bọ̀ láti ibi ìsìnkú. Mo máa ń ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tán kí n tó pinnu bóyá n ó san owó.

Yíyan ààyò kan ṣoṣo yẹn náà ti kọ́ mi ní ìgbọ́rin. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ pé àwo dára, mo sì ti parí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ní báyìí, bí n kò bá gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún, n kì í lè mú ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé mo pààrọ̀ ààyò mi lórí àwo kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, mo sì mọ ohun tó fà á ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bákan náà, bí èèyàn bá tẹ orúkọ olùrà kan, gbogbo àwo tí ẹni náà ti rà á á hàn. Ẹnìkan tó kọ Glasgow sábẹ́ orúkọ rẹ̀ sọ ohun kan nípa àwo tí èmi náà fẹ́ràn, ohun tó sọ sì bá tèmi mu débi pé mo lọ wo ìyókù tó ní. Mo gbọ́ olórin mẹ́rin tí n kò gbúròó wọn rí ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì ra méjì nínú wọn.

Mo fẹ́ fi àwo kan ṣe àpẹẹrẹ. Phil Elverum, ará Anacortes ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, tó ń kọrin lábẹ́ orúkọ Mount Eerie, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ orin ara wọn tí wọ́n sì ń gbé e jáde fúnra wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ó gbé Night Palace jáde: orin 26, ó sì lé ní ìṣẹ́jú 80. Mo rà á lọ́sẹ̀ yẹn. Ní ìgbọ́ àkọ́kọ́, kò yé mi. Ariwo gìtá pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ohùn ọkùnrin náà sì rọra ń jáde láti abẹ́ ariwo náà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú yàrá kejì, n kò sì lè gbà pé gbogbo orin 26 náà ló yẹ kí ó wà níbẹ̀. Mo gbé e tì. Àwọn ọ̀rọ̀ olùrà ni mo kà tí mo fi padà sídìí rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé wọ́n fẹnu kò, bí kò ṣe nítorí pé wọn kò fẹnu kò rárá: orin tí ẹnìkan mú ní ààyò ni ẹlòmíràn ń fò kọjá, àwọn kan sì fẹ́ràn ariwo náà ju àwọn orin jẹ́jẹ́ lọ. Mo wá pín in sí ọ̀nà méjì. Mo gbọ́ ìdajì ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo sì gbọ́ ìyókù ní alẹ́. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ariwo náà ni afẹ́fẹ́ àti òjò ibi tí ọkùnrin náà ń gbé, pé tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, orin jẹ́jẹ́ wọ̀nyẹn kò ní ní ilé tí wọ́n á máa gbé. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sílẹ̀ nìyẹn. Síbẹ̀, mo ṣì rò pé orin bíi mẹ́rin lè yẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Ohun mìíràn tí wọ́n fi kún un lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí ni ìjókòó ìgbọ́rin. Olórin á dá ọjọ́ àti aago. Bí aago bá ti lù, àwo náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dún fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì máa kọ̀wé síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, olórin fúnra rẹ̀ á sì wà láàárín wọn. Mo ti wà níbi tó tó mẹ́wàá. Èyí tí n kò lè gbàgbé jẹ́ ti ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí Peckham ní London, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tó máa ń fi gìtá kọ orin ní èdè méjèèjì. Oṣù Keje ni, nígbà tí aago London àti ti Èkó jẹ́ bákan náà. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n dá. Iná lọ nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì fi fóònù gbọ́ ọ nínú òkùnkùn.

Nígbà tí wọ́n dé orin karùn-ún, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Ègbè orin náà ni “oko baba mi”, bẹ́ẹ̀ ni ó sì kọ ọ́ sí ojú ìwé àwo náà, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀. Ẹnìkan ní Jámánì ní ẹ̀rọ atúmọ̀ èdè ti sọ fún òun pé ọkọ ìyàwó ni, kò sì yé òun bí bàbá ènìyàn ṣe ní ọkọ. Ẹlòmíràn ní oko tí wọ́n ń dá ni, pé orin ẹni tó ń ṣàárò ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni, àwọn tó pọ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀ nítorí pé orin náà bani nínú jẹ́. Ẹnìkẹta ní ọkọ̀ ni, bóyá bàbá náà jẹ́ awakọ̀. Èmi tí mo ti ń gbọ́ orin náà láti oṣù kan sẹ́yìn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó rú ẹnikẹ́ni lójú. Mo kọ̀wé pé kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa: ó gbé ohùn sókè lórí sílébù kejì ní gbogbo ìgbà tó bá pè é, bẹ́ẹ̀ sì ni ohùn orin Yorùbá kì í fi ohùn ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lásán, ọkọ́ ló ń pè, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni olórin náà dáhùn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé bàbá òun gbé ọkọ́ bàbá tirẹ̀ láti Ìsẹ́yìn wá sí London nínú àpótí, ó gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀, kò sì fi ro nǹkan kan rí títí ó fi kú. Wọ́n tún orin náà gbọ́ lẹ́yìn tí àwo parí. Mo rò pé àwọn tó wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló tíì gbọ́ ọ jù, èmi náà sì wà lára wọn, nítorí pé ọkọ́ ni mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ògiri.

Irú ìtàkùrọ̀sọ báyìí kò ṣeé ṣe lábẹ́ àwo fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ olùrà kì í gùn, ẹnikẹ́ni kò sì lè fèsì sí i. Oníkálukú á sọ tirẹ̀, á sì kọjá. Ní tèmi, àìní yìí ló fà á tí àwa mọ́kànlá fi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí WhatsApp, láti Ìbàdàn, Èkó, London àti Houston. Bí ọjọ́ Ẹtì tí mo sọ bá pé, oníkálukú á ra àwo tuntun kan, á fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, a ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan gbọ́ ti ara wa kí a tó sọ̀rọ̀. Òfin wa kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé orin kan “dùn” láìsọ ibi tó ti dùn. Àwọn obìnrin méjì tó wà nínú wa ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ orin jù. Èmi, ìlù àti gìtá ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀ mí létí, wọ́n sì ti tọ́ mi sọ́nà lórí ohun tó pọ̀.

Sísan owó ló nira jù fún ẹni tó wà ní Nàìjíríà. Ní 2022, báǹkì tí mo ń lò dín ohun tí mo lè fi káàdì náírà ná ní òkè òkun kù sí dọ́là 20 lóṣù, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dá a dúró pátápátá. Àwo kan tí mo ti ń retí láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn jáde lójú mi, káàdì mi sì kọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ọ̀nà tí mo gbé e gbà ni pé àbúrò mi ní London ń rà á, ó ń fi í ránṣẹ́ sí mi bí ẹ̀bùn, nítorí pé àyè wà fún èyí lórí Bandcamp, èmi á sì san owó rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Kí á sọ òótọ́, owó náà ti wọ́n. Dọ́là 7 tí kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ní 2024, kò sì sí iye tí wọ́n kọ ní náírà. Mo ti dín ohun tí mo ń rà kù. Fún ẹni tí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ olórin fi iye sílẹ̀ fún olùgbọ́ láti dá, kódà bó jẹ́ òfo. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín láti gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ kàn padà wá nígbà tí ọwọ́ bá dẹ̀.

Ti àwọn olórin tó wà nílé tún le ju tiwa lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Bódìjà ń kọ orin tó dára, ó sì ti ní àwo méjì. PayPal ni Bandcamp fi ń san owó fún olórin, bẹ́ẹ̀ sì ni láti 2014 tí PayPal ti ṣílẹ̀kùn fún Nàìjíríà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, sísan nìkan ni wọ́n gbà fún wa, gbígbà kò sí. Àkáǹtì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Manchester ni owó rẹ̀ ń gbà wọlé. Síbẹ̀, ó ní òun kò ní kúrò. Lórí Spotify, ìkànnì tí èèyàn ti ń gbọ́ orin láìrà á, tó dé Nàìjíríà ní oṣù Kejì ọdún 2021, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ẹ̀ẹ̀ 1,000 láàárín oṣù 12 kò ní mú kọ́bọ̀ wá fún ẹni tó ni ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ òfin yẹn ní 2024. Olùrà 15 ló ra àwo kejì ọ̀rẹ́ mi lórí Bandcamp ní dọ́là 5. Bí ìdá 82 nínú rẹ̀ bá wọlé, ó ti lé ní dọ́là 61, ó sì mọ orúkọ àwọn ènìyàn náà. Ó sọ fún mi pé òun ti ka ohun tí mẹ́ta nínú wọn kọ títí òun fi há a sórí.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ọwọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà ti ń bọ́ sí. Ní 2022, Epic Games, tó ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà, rà á. Ní 2023 wọ́n tún tà á fún Songtradr, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀tọ́ láti lo orin fún àwọn oníṣòwò, àwọn tó rà á kò sì gba bí ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ wọlé. Èyí dùn mí, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn ni. Ọjọ́ Ẹtì tí wọn kì í yọ owó kò tíì dáwọ́ dúró, ojú ìwé àwọn olórin náà kò tíì yí padà, ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo sì fún un. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo bá rà ni mo ń gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì ń kó o sínú háàdì dískì méjì. MP3 tó dára jù ni mo máa ń mú, nítorí dátà: àwo oníṣẹ́jú 45 kò ju nǹkan bíi MB 108 lọ, nígbà tí FLAC, irú fáìlì tí kì í gé nǹkan kan kúrò nínú orin, lè jẹ́ ìlọ́po méjì sí mẹ́ta rẹ̀. Nígbà tí mo bá lọ sí ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mo tún ń padà gba FLAC, nítorí pé kò sí iye ìgbà tí wọ́n dá fún ẹni tó ti rà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ Peckham náà ṣí àwo tuntun sílẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ sanwó ṣáájú. Mo ti san tèmi, orin méjì sì ti wọlé nínú mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ orin wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmì ohùn sì wà lórí gbogbo sílébù tó yẹ kó wà. Mo ti gbọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀meje, n kò sì tíì mọ èyí tí n ó mú ní ààyò.